Aláìsàn náà yẹ ká wọ̀n: bí a ṣe ń fi wóró TLD mọ iye ìtànṣán tí X-ray ń fún èèyàn

Ẹ wọ yàrá X-ray èyíkéyìí lónìí, ẹ wo àyà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ máa rí báàjì kékeré kan tó fi há aṣọ, báàjì yẹn ló ń ṣírò iye ìtànṣán tó ń kan òṣìṣẹ́ náà láti oṣù dé oṣù. Ó dáa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ yẹn máa bọ́ sẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi òjé tẹ́ nínú kó tó tẹ bọ́tìnnì, aláìsàn tó dúró síwájú ẹ̀rọ gan-an ni ìtànṣán ń gba ara ẹ̀ kọjá, òun ò sì ní báàjì kankan. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gan-an nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, òun ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ti aláìsàn. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe é, ní igbésẹ̀ ní igbésẹ̀, ẹ̀yin radiographer tẹ́ ẹ ń ya X-ray, ẹ̀yin ọmọ físíìsì tẹ́ ẹ ń ṣe Master's, àti ẹnikẹ́ni tó ń rò pé iṣẹ́ yìí ju agbára òun lọ. Kò jù yín lọ. Sùúrù ló gbà, àti ìwé àkọsílẹ̀ tí kò ní àlàfo.

Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ TLD. Kírísítálì kékeré ni, lithium fluoride tí wọ́n ta magnesium àti titanium díẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ń lò jù ni wọ́n ń pè ní TLD-100. Wóró kan fẹ̀ ní 3.2 mm níbùú lóròó, kò nípọn tó 1 mm, wóró mẹ́wàá lè jókòó sórí èékánná àtàǹpàkò yín. Tí ìtànṣán bá gba inú ẹ̀ kọjá ó máa ń fi díẹ̀ nínú agbára ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé ń sọ owó sínú kóló, owó yẹn á wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láì fi bẹ́ẹ̀ dín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé wóró náà sórí ohun tó gbóná ni kóló máa fọ́, owó á wá jáde bí ìmọ́lẹ̀, bí ìtànṣán tó kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ náà á ṣe pọ̀ tó. Kóló tó bá ti fọ́ ti fọ́ o, tẹ́ ẹ bá ti ka wóró kan lẹ́ẹ̀kan kò sí pé ẹ tún fẹ́ padà kà á, torí náà ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kà á kò gbọdọ̀ sí àṣìṣe.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi wá ọjọ́ orí àwọn ère idẹ Ifẹ̀, mo fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Amọ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ère látìgbà tí wọ́n ti dà á ni wọ́n lò, àwọn onímọ̀ méjì, Frank Willett àti Stuart Fleming, gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1976. Iná tí àwọn àgbẹ̀dẹ idẹ ìgbà yẹn fi ṣiṣẹ́ ló tú kóló inú amọ̀ náà dànù pátápátá, látọjọ́ náà sì ni ìtànṣán inú ilẹ̀ ti ń sọ owó tuntun sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá mú un gbóná ní láàbù, wọ́n ka iye tó wà níbẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ṣe náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá la fẹ́ kà, kì í ṣe ti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Igbésẹ̀ kìíní: ẹ mú àyẹ̀wò kan ṣoṣo

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo X-ray tí wọ́n ń yà nílé ìwòsàn yín. X-ray àyà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tí aláìsàn máa kọjú àyà sí káséètì, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí fíìmù wà nínú ẹ̀, tí ìtànṣán á gba ẹ̀yìn wọlé, tí wọ́n ń pè ní PA. Òun ni wọ́n ń yà jù, wọ́n ń yà á fún ikọ́, fún físà, fún iṣẹ́ tuntun, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, torí náà tí dóòsì ẹ̀, ìyẹn iye ìtànṣán tí ara ń gbà, bá fi díẹ̀ lọ sókè ọ̀pọ̀ èèyàn ló kàn. Àgbàlagbà tí ìwọ̀n ara wọn wà láàárín 60 kg sí 80 kg ni kẹ́ ẹ mú, ó kéré tán èèyàn 10, kí ìpíndọ́gba wọn sì sún mọ́ 70 kg, torí ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ín-rín ò lè gba dóòsì kan náà, tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀ nọ́ńbà yín ò ní ṣeé fi wé ti ibòmíì.

Ẹni tí dókítà ti kọ X-ray fún tẹ́lẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ ò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni nítorí ìwádìí yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ tún un yà nítorí pé wóró yín já bọ́. Ẹ yọ àwọn aboyún kúrò nínú ẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí nílé ìwòsàn yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun tá a máa wọ̀n ni dóòsì ojú awọ, níbi tí ìtànṣán ti wọ ara, mGy (milligray), òdiwọ̀n dóòsì, la fi ń kọ ọ́. Kì í ṣe òun ni dóòsì tó dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọmú, àwọn yẹn gba ìṣirò míì, àmọ́ òun lèyí tí ọwọ́ wa lè tó tààrà.

Igbésẹ̀ kejì: wóró, àti ibi tẹ́ ẹ ti máa kà á

Ẹ̀rọ tó ń ka TLD wọ́n, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè rà á, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ rà á. Ní Ìbàdàn, National Institute of Radiation Protection and Research wà nínú ọgbà University of Ibadan, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ààbò ìtànṣán ti bẹ̀rẹ̀ látọdún 1964 nígbà tí wọ́n ń pè é ní Federal Radiation Protection Service, ibẹ̀ náà sì ni láàbù tí wọ́n ti ń fi òdiwọ̀n tó dájú yẹ àwọn irinṣẹ́ ìwọ̀n ìtànṣán wò. Ní Ilé-Ifẹ̀, CERD (Centre for Energy Research and Development) wà ní Obafemi Awolowo University, OAU. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, àmọ́ ẹ má fi mọ sí lẹ́tà, ẹ wọkọ̀ lọ fúnra yín kẹ́ ẹ bá wọn jókòó, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí wọ́n máa fi hàn yín lọ́wọ́ tí kò sí nínú ìwé.

Tí wóró bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe fi ìka mú un. Ẹ̀mú kékeré ni, èyí tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ tí kò mú, kó má baà há a lára. Òróró ara yín, àti ti àkàrà tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, máa lẹ̀ mọ́ wóró, tó bá dé orí iná á jó, ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe ti ìtànṣán á wá dara pọ̀ mọ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kà. Ẹ má fi pẹ́ńsù tàbí báírò kọ nǹkan sára ẹ̀. Ẹ wá pátákó kékeré tó ní ihò ihò, ihò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, A1, A2, A3, wóró A1 á máa gbé inú ihò A1 títí láé, tẹ́ ẹ bá da pátákó yẹn nù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan gbogbo iṣẹ́ igbésẹ̀ kẹrin tún di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Igbésẹ̀ kẹta: ẹ sun ún

Ìtànṣán wà nínú ilẹ̀, nínú ògiri, nínú afẹ́fẹ́, torí náà wóró tó wà nínú dúrọ́ọ̀ náà ń sọ owó sí kóló. Ẹ gbọ́dọ̀ tú gbogbo ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó lò ó. Fún TLD-100, ẹ kó o sínú ààrò oníná ti láàbù ní 400°C fún wákàtí kan, ẹ gbé e jáde kó tutù, ẹ tún dá a padà sí 100°C fún wákàtí méjì.

Ibi ìtutù yẹn ni àwọn èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, èmi náà sì jìyà ẹ̀. Wóró 40 wà nínú ààrò mi lọ́jọ́ kan, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wákàtí ẹ̀ pé ní 400°C, wọ́n mú iná lọ. Jẹ́nérétọ̀ ò tètè dáhùn. Mo ní kò ṣe nǹkan, mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú ààrò kí wọ́n rọra tutù níbẹ̀, nígbà tí iná dé mo gbé wọn lọ sí 100°C mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo wá yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú dóòsì tí mo mọ̀, ohun tí wọ́n sọ yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, gbogbo wọn ló yí padà. Bí wóró ṣe yára tutù láti 400°C ló máa ń pinnu bó ṣe máa dáhùn sí ìtànṣán lẹ́yìn náà, tó bá rọra tutù lónìí tó yára tutù lọ́la, wóró méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní lọ́wọ́. Látọjọ́ yẹn mi ò tan ààrò tí kò bá sí ínfátà lẹ́yìn ẹ̀, mo sì ní pèpéle alumíníọ̀mù kan tí mo máa ń gbé àwo náà lé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ibì kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, lójoojúmọ́. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé iná lọ láàárín, ẹ tún gbogbo ẹ̀ sun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé irú kejì lẹ ní, lithium fluoride tó ní magnesium, bàbà àti phosphorus, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e dé 400°C. Kò gbọdọ̀ ju 240°C lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó o, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ á bàjẹ́. Irú yẹn ń rí ìtànṣán kékeré ju TLD-100 lọ fíìfíì, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ dígítà tí dóòsì àyà ẹ̀ kéré gan-an lẹ fẹ́ wọ̀n, òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ wá.

Igbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ìwà wóró kọ̀ọ̀kan

Bí ọmọ ìyá kan náà ò ṣe lè gbọ́n bákan náà ni wóró inú páálí kan náà ò ṣe lè dáhùn bákan náà. Ẹ tẹ́ gbogbo wọn sórí pátákó perspex, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kí wọ́n sún mọ́ra wọn ní àárín ìmọ́lẹ̀ X-ray gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́, torí apá ibi tí anode, irin tí ìtànṣán ti ń jáde, wà nínú ọ̀pá X-ray ni ìtànṣán ti máa ń kéré ju ti apá kejì lọ. Ẹ fún gbogbo wọn ní dóòsì kan náà, ẹ kà wọ́n, ẹ wá ìpíndọ́gba, kẹ́ ẹ wá fi ohun tí wóró kọ̀ọ̀kan sọ pín ìpíndọ́gba yẹn. Ká ní ìpíndọ́gba jẹ́ 10 nC (nanocoulomb, iye iná tí ẹ̀rọ tó ń ka TLD máa ń sọ) tí A7 sọ 9.7, àtúnṣe A7 jẹ́ 1.03 nìyẹn, gbogbo ohun tí A7 bá ń sọ títí ayé ẹ máa fi 1.03 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú sísun láàárín. Wóró tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ń yí ju 5% lọ láti ìgbà kan sí èkejì, èmi máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ ni. Kò sí àánú níbẹ̀.

Igbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ nC di mGy

Tí gbogbo ìyókù bá dáa tí èyí bá wọ́, òfo ni. Ẹ̀rọ tó ń ka TLD ò mọ ohun tó ń jẹ́ mGy, iye iná tó tinú ìmọ́lẹ̀ wá ló mọ̀, nC. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ pé báyìí ni nC ṣe ń di mGy. Ẹ nílò ionization chamber, irinṣẹ́ tó ń wọn ìtànṣán tààrà, tó ní ìwé ẹ̀rí láti láàbù bíi ti Ìbàdàn yẹn, ẹ gbé chamber náà síwájú X-ray ní 100 cm, ẹ yà á, ẹ kọ iye mGy tó sọ, ẹ yọ ọ́, ẹ fi wóró mẹ́ta sí ojú ibẹ̀ gan-an pẹ̀lú kV (agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti ìtànṣán) àti mAs (èyí tó ń pinnu iye ìtànṣán tó ń tú jáde) kan náà, kó má sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn tó lè dá ìtànṣán padà. Ẹ ṣe é fún 0.2, 0.5, 1, 2 àti 5 mGy, ẹ yà á sórí gíráàfù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà tó tọ́ bí ọ̀pá.

Wàyí o, ẹ jọ̀ọ́, kí ìtànṣán tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ jọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wọ̀n. Àwọn kan máa ń gbé wóró lọ síwájú cobalt-60, ẹ̀rọ tí ìtànṣán ẹ̀ lágbára gan-an ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ, torí pé òun ló wà nítòsí. Lithium fluoride máa ń dáhùn sí ìtànṣán X-ray tó rọ̀ yìí, tí agbára ẹ̀ kéré, bí 30% sí 40% ju bó ṣe ń dáhùn sí ti cobalt lọ, torí náà aláìsàn tó gba 0.30 mGy, ìwé yín á sọ pé ó gba bíi 0.40, ẹ̀yin á sì lọ máa bá radiographer jà lórí ohun tí kò ṣe. Ìwé ìlànà IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́ọ̀mù, tó jáde lọ́dún 2007, TRS 457, ti to oríṣiríṣi ìtànṣán X-ray tó yẹ ká fi kọ́ irinṣẹ́ sílẹ̀, RQR 5 tó jẹ́ 70 kV tí alumíníọ̀mù 2.58 mm ń gé sí ìdajì ni wọ́n fi sáàárín, òun ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi lò.

Igbésẹ̀ kẹfà: ẹ dì í, kẹ́ ẹ sì yan àwọn aṣọ́lé

Mẹ́ta mẹ́ta ni kẹ́ ẹ dì wọ́n, torí tí ọ̀kan bá ṣìwà hù méjì á tú àṣírí ẹ̀. Nylon dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa ti tó, kó ṣáà ti mọ́ tónítóní, ẹ gé e kékeré, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í lẹ́nu, ẹ má fi iná lẹ̀ ẹ́ o. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí nylon náà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ wóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wá yan mẹ́ta tí wọn ò ní lọ sí ara aláìsàn kankan. Aṣọ́lé ni mo ń pè wọ́n. Ohun tí gbogbo yòókù ti jẹ ni wọ́n ti jẹ, ààrò kan náà, ọkọ̀ kan náà láti Ìbàdàn, ọjọ́ kan náà, àyàfi X-ray nìkan ni wọn ò jẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ ni ti ilẹ̀ àti ti afẹ́fẹ́, òun lẹ máa yọ kúrò nínú ti àwọn tó lọ sóko. Nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹni tó ń bá mi tọ́jú wọn fi nylon aṣọ́lé sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tó wà nínú yàrá X-ray gan-an, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo X-ray tí wọ́n yà ń ta sí i. Nígbà tí mo kà wọ́n, nọ́ńbà àwọn aláìsàn kan kéré sí ti aṣọ́lé. Ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́, èèyàn mọ́kànlá tó ti fara balẹ̀ fún wa, a ò rí nǹkan kan sọ nípa wọn. Inú mi bàjẹ́ gan-an ọjọ́ yẹn. Yàrá míì ni aṣọ́lé ń gbé, ó kéré tán ọ́fíìsì tí ògiri méjì wà láàárín òun àti ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi bààlúù gbé e, ẹ ránṣẹ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má gbà á kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń wo ẹrù.

Igbésẹ̀ keje: lára aláìsàn

Èèyàn ni kẹ́ ẹ rántí pé ó wà níwájú yín. Màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wò mí nígbà tí mo mú nylon dúdú náà jáde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni ìyẹn? Ṣé oògùn lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn ni?" Mo kúnlẹ̀ ti àga wọn, mo ní, "Rárá o, mà. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí sí yín lẹ́yìn, nǹkan kékeré yìí ló máa sọ fún wa bó ṣe pọ̀ tó, kò ní dùn yín, kò sì ní fi kún un." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o, èèyàn kì í ra ohun tí kò mọ ìwọ̀n ẹ̀." Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Tí wọ́n bá ti gbà, radiographer á gbé aláìsàn dúró bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, á tan iná tó ń fi àárín hàn, ibi tí àmì àgbélébùú iná náà bọ́ sí lẹ́yìn, bí ìsàlẹ̀ egungun pálábá èjìká, ibẹ̀ gan-an lẹ máa fi pílásítà lẹ nylon náà mọ́. Lórí awọ tàbí lórí gáùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe lórí jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sọ fún radiographer pé kó dín nǹkan kù nítorí yín, ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ la fẹ́ mọ̀. Wóró yìí fara jọ ẹran ara nínú bó ṣe ń gba ìtànṣán, kì í sábà hàn nínú fọ́tò, àmọ́ ẹ sọ fún dókítà tó ń ka fíìmù pé nǹkan wà níbẹ̀, kó má lọ pe ojú àmì tín-ín-rín kan ní àrùn.

Tí wọ́n bá ti yà á, ẹ yọ ọ́ kíá kẹ́ ẹ kọ gbogbo nǹkan lójú ẹsẹ̀: kV, mAs, bí ọ̀pá X-ray ṣe jìnnà sí káséètì, bí àyà aláìsàn ṣe nípọn tó, ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí, ọjọ́ àti aago. Ẹ má sọ pé ẹ máa rántí.

Igbésẹ̀ kẹjọ: kíkà

Ẹ dúró fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó kà á, torí apá kan wà nínú owó kóló yẹn tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló ń yára jò dànù, ẹ jẹ́ kó jò tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti ṣe sí àwọn ti igbésẹ̀ karùn-ún, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí 24 dúró fún eléyìí tẹ́ ẹ ka ti ọjọ́ yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ ti ba ìwọ̀n náà jẹ́ nìyẹn.

Nínú ẹ̀rọ náà, wóró á jókòó sórí àwo irin kékeré tó ń gbóná, ojú photomultiplier, èyí tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ kékeré di iná tó ṣeé kà, á wà lókè ẹ̀ nínú òkùnkùn, gáàsì náítírójìn á máa fẹ́ wọlé kó lè lé afẹ́fẹ́ kúrò, torí afẹ́fẹ́ náà máa ń mú ìmọ́lẹ̀ èké wá. Láti 50°C ni ooru á ti máa gòkè, 10°C láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí dé bíi 300°C. Lójú kọ̀ǹpútà ẹ máa rí ìlà kan tó ń gòkè bí Òkè Olúmọ tó sì tún sọ̀kalẹ̀, glow curve ni wọ́n ń pè é. Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan, ẹ wo òkè náà. Orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí 200°C. Tó bá fẹ̀ tó sì sún sápá ọ̀tún, wóró náà ò jókòó dáadáa lórí àwo. Tí ìlà bá tún ń gùn sókè lọ́wọ́ ìparí dípò kó sọ̀kalẹ̀, ìdọ̀tí ló ń jó. Lẹ́yìn wóró mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wo iná ìdánwò inú ẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ojú ẹ̀ ò tíì ṣú.

Igbésẹ̀ kẹsàn-án: ìṣirò

Ká ní wóró mẹ́ta inú nylon màmá yẹn sọ 8.42, 8.10 àti 8.65 nC, tí àtúnṣe wọn jẹ́ 0.98, 1.03 àti 0.96. Tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀ ẹ máa rí 8.25, 8.34 àti 8.30, ẹ rí i pé wọ́n ti wá sún mọ́ra báyìí, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 8.30. Aṣọ́lé sọ 1.90. Ó ku 6.40 nC. Tí gíráàfù yín bá sọ pé nC kan jẹ́ 0.055 mGy, dóòsì ojú awọ jẹ́ 0.35 mGy.

Ẹ fi ọ̀nà kejì dán an wò. Ká ní ẹ̀rọ yẹn ń tú 0.05 mGy jáde fún mAs kan ní 100 cm, wọ́n fi 12 mAs yà á, awọ ẹ̀yìn màmá sì wà ní 155 cm sí ọ̀pá. 0.05 lọ́nà 12 jẹ́ 0.6, tẹ́ ẹ bá fi 155 pín 100 tẹ́ ẹ sọ èsì yẹn lọ́nà ara ẹ̀ ẹ máa rí 0.416, 0.6 lọ́nà 0.416 jẹ́ 0.25. Wóró tó wà lára èèyàn tún ń gba èyí tí ara dá padà, òun ló mú ká fi bíi 1.35 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.34. Tí 0.35 àti 0.34 bá pàdé báyìí, ẹ lè sùn. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì, ẹ má tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Igbésẹ̀ kẹwàá: kí lẹ máa fi nọ́ńbà náà ṣe

Aláìsàn kò ní òpin dóòsì bí òṣìṣẹ́ ṣe ní 20 mSv (millisievert) lọ́dún, torí ohun tó ń ṣe é lè béèrè fún púpọ̀. Ohun tó wà ni òdiwọ̀n ìfiwéra. Nínú ìlànà IAEA ti 1996, X-ray àyà PA jẹ́ 0.4 mGy, ìbàdí AP (tí ìtànṣán gba iwájú wọlé) jẹ́ 10 mGy, eegun ẹ̀yìn apá ìsàlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 30 mGy. Ìpíndọ́gba èèyàn 10 yín lẹ máa fi wé e, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Tó bá kọjá, ẹ má fi ìbínú wọlé. Nílé ìwòsàn míì, tí òun náà mi ò ní dárúkọ, ìpíndọ́gba tá a rí lé ní ìlọ́po méjì 0.4. Gbogbo wa ń wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò ní nǹkan kan. Yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ni ọ̀rọ̀ wà, omi developer ti pẹ́ jù, ó ti rẹ̀, fíìmù ń jáde ní ràndánràndán, radiographer kan fi mAs kún un kó lè dúdú, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tún fi díẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ibi níbẹ̀, wóró mẹ́ta nínú nylon dúdú ló tú u fó. Torí náà ẹ wo omi ìfọfíìmù, ẹ wo kV bóyá ó kéré jù tí mAs sì pọ̀ jù, ẹ wo bóyá alumíníọ̀mù tó ń sẹ́ ìtànṣán lẹ́nu ọ̀pá ṣì pé 2.5 mm, ẹ wo iye fíìmù tí wọ́n ń tún yà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní OSL, irinṣẹ́ míì tó ń ṣe iṣẹ́ TLD, irú nanoDot tí wọ́n fi aluminium oxide tó ní carbon ṣe. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ooru, díẹ̀ ló ń mú nínú owó kóló nígbà kọ̀ọ̀kan torí náà ẹ lè padà kà á, ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ oòrùn àti iná yàrá máa ń tú u dànù, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i. Ó sì máa ń sọ àsọdùn fún X-ray tó rọ̀, bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ohun tó máa sọ fún cobalt, torí náà igbésẹ̀ karùn-ún tí mo ń pariwo lórí TLD, ẹ pariwo ẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta fún OSL.

Tẹ́ ẹ bá ti tún ohun tó yẹ ṣe, ẹ sun wóró yín, ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wá èèyàn 10 míì tí ìwọ̀n wọn jọ ti ìṣáájú, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. A padà sí ilé ìwòsàn olómi developer yẹn báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ omi, wọ́n ti kọ kV àti mAs sórí bébà lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì. Ìpíndọ́gba ti wá sí abẹ́ 0.4. Radiographer tó dàgbà jù níbẹ̀ gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nọ́ńbà tuntun náà sábẹ́ bébà yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù.